Ta Ló Ni Páìpù? Àgbéyẹ̀wò Ooru Igi Àjùmọ̀lò

Fúláàtì tí mò ń gbé ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù kò ní bọ́ílà. Àpótí funfun kan ló wà lára ògiri lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kò tóbi ju àpò ìwé ọmọ iléèwé lọ. Páìpù méjì wọ inú rẹ̀, méjì jáde, mítà kékeré kan sì ń ṣẹ́jú lójú rẹ̀ tọ̀sán tòru. Omi gbígbóná ń gba abẹ́ ilẹ̀ bọ̀ láti ibì kan tí n kò mọ̀, á kọjá nínú àpótí yẹn, á fi ooru rẹ̀ sílẹ̀ fún omi tó wà nínú rédíétọ̀ mi, á sì padà síbi tó ti wá. Ní ọdún kejì tí mo débẹ̀, nínú oṣù kìíní, ó dákẹ́. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni gbogbo wa tó wà nínú ilé náà fi gbọ̀n. Màmá ará Ìjẹ̀bú kan tó ń gbé lókè wa wọ aṣọ òtútù mẹ́ta léra, ó ń gbé ìkòkò omi kaná lórí sítóòfù kí yàrá lè móoru díẹ̀. Mo pe àwọn tó ń gbowó ooru lọ́wọ́ wa, wọ́n ní kí n pe onílé. Onílé ní kí n pe alágbàṣe. Alágbàṣe ní páìpù tó bẹ́ kò sí nínú iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún òun. Nígbà tí mo ròyìn fún màmá yẹn lórí àtẹ̀gùn, ó wò mí títí. Ó ní, "Ọmọ mi, ta ló wá ni páìpù ọ̀hún?"

Ìbéèrè yẹn ni mo fi ń wọn gbogbo ohun tí mo ti kà àti ohun tí mo ti fojú rí láti ìgbà náà nípa ooru àjùmọ̀lò, pàápàá èyí tí wọ́n ń fi igi àti ìyókù oko dá. Iná ni àwọn onímọ̀ sábà máa ń jiyàn lé lórí: ṣé igi sàn ju gáàsì lọ, ṣé èéfín rẹ̀ kò pọ̀ jù. Iyàn náà tọ́, n óò sì dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ohun tí mo rí, ọ̀nà jíjìn tí igi ń gbà wá àti ẹni tí páìpù wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń sọ bóyá ètò náà yóò gún tàbí yóò wọ́.

Ọgbọ́n náà kò le. Dípò kí ilé kọ̀ọ̀kan máa dá iná tirẹ̀, iná ńlá kan ṣoṣo ni wọ́n ń dá ní ẹ̀gbẹ́ ìlú, wọ́n á fi se omi, wọ́n á fi páìpù pín in kiri. Ó sì ti pẹ́. Ní Chaudes-Aigues ní ilẹ̀ Faransé, láti ọ̀rúndún kẹrìnlá ni wọ́n ti ń darí omi gbígbóná tó ń sun láti inú ilẹ̀ lọ sínú ilé àwọn ará ìlú. Ní 1877, Birdsill Holly gbé bọ́ílà kan kalẹ̀ ní Lockport, ní ìpínlẹ̀ New York, ó sì ń ta ooru omi híhó fún àwọn aládùúgbò rẹ̀. Èédú ni ọ̀pọ̀ ìlú ńlá kọ́kọ́ fi dáná irú ètò yìí, lẹ́yìn náà wọ́n bọ́ sórí epo. Epo ló sì kọ́ wọn lọ́gbọ́n.

Ní 1973, nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá fa ọwọ́ sẹ́yìn nínú epo títà tí owó rẹ̀ sì di ìlọ́po mẹ́rin, ó lé ní ìdá 90 nínú 100 agbára tí Dẹ́ńmáàkì ń lò tó jẹ́ epo tí wọ́n ń rà láti òkèèrè. Ìjọba wọn ka ọkọ̀ wíwà léèwọ̀ ní ọjọ́ Àìkú. Àkókò yẹn gan-an ni owó epo bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọ Nàìjíríà. Òtútù tó ń mú wọn lọ́hùn-ún ni ọlá tó ń dé bá wa nílé, ó sì yẹ kí a rántí ìyẹn nígbà tí a bá ń bi ara wa pé kí ló kàn wá nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn ará Dẹ́ńmáàkì kò gbàgbé. Ní 1979 wọ́n ṣe òfin ooru: káńsù kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ya àwòrán ìlú rẹ̀, kó fi hàn àdúgbò tí páìpù ooru yóò gbà àti èyí tí gáàsì yóò gbà. Wọ́n tún fi ohun kan kún un tí mo kà sí pàtàkì ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ilé iṣẹ́ ooru kò gbọ́dọ̀ jèrè. Iye tó bá ná wọn láti dá iná, láti tún páìpù ṣe àti láti san gbèsè ni wọ́n lè gbà lọ́wọ́ oníbàárà. Lónìí, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé tó wà ní orílẹ̀-èdè náà ló ń gba ooru láti inú páìpù, káńsù tàbí àwọn tó ń lo ooru náà fúnra wọn ló sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ilé iṣẹ́ yẹn.

Mo dé ọ̀kan nínú wọn, ní ìlú kékeré kan, nínú oṣù kejì ọdún, nígbà tí yìnyín bo gbogbo pápá. Òkìtì igi wẹ́wẹ́ ga ju òrùlé ọ́fíìsì wọn lọ, èéfín funfun sì ń rú lórí rẹ̀. Àyà mi já, mo rò pé iná ti mú un. Kò sí iná níbẹ̀. Igi tútù tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ tí wọ́n kó jọ máa ń jẹrà díẹ̀díẹ̀, inú rẹ̀ á sì máa gbóná, bí irú tí wọ́n fi ewé bò mọ́lẹ̀ nínú igbá. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ bu ẹ̀kúnwọ́ kan nínú èyí tí ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ já kalẹ̀, ó fún un mọ́wọ́, ó gbóòórùn rẹ̀, ó dà á sínú àwo kan. Ó wọ̀n ọ́n, ó kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, ó tì í sínú ààrò kékeré kan lẹ́yìn tábìlì rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì yóò tún un wọ̀n. Ìwúwo tó bá fi dín ni omi tó wà nínú igi, èyí ni wọ́n sì fi ń mọ owó tí wọn yóò san fún ẹni tó gbé e wá. Ooru ni wọ́n ń rà. Wọn kì í sanwó omi fún ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ omi yìí ló gbé gbogbo ìṣirò náà ró. Igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, nǹkan bí ìdajì ìwúwo rẹ̀ ni omi. Kílò kan rẹ̀ ń mú ooru nǹkan bí yúnìtì (kílówáàtì-wákàtí) méjì jáde. Bí wọ́n bá lọ igi náà kúnná, tí wọ́n gbẹ ẹ́, tí wọ́n sì fún un pọ̀ di hóró kéékèèké tí wọ́n ń pè ní pẹ́lẹ́ẹ̀tì, kílò kan á fẹ́rẹ̀ẹ́ mú yúnìtì márùn-ún wá. Lítà epo kan ń mú mẹ́wàá. Ẹni tó bá ń fi ọkọ̀ gbé igi tútù rin ọ̀nà jíjìn, omi ló ń gbé kiri tó ń sun dísù lé lórí. Nítorí náà, igi wẹ́wẹ́ jẹ́ ohun ìdáná àdúgbò; pẹ́lẹ́ẹ̀tì ni ó lè wọ ọkọ̀ òkun.

Láti inú òkìtì yẹn, ẹ̀rọ ń tì í díẹ̀díẹ̀ sórí irin tó ń rìn nínú bọ́ílà. Yóò kọ́kọ́ gbẹ, lẹ́yìn náà yóò gbiná, eérú á sì bọ́ sílẹ̀ lápá kejì. Omi tó gbóná tó ìwọ̀n 80 Celsius ń jáde lọ sí ìlú, nígbà tó bá fi máa yí ká padà dé, yóò ti tutù dé nǹkan bí 40. Páìpù náà fúnra rẹ̀ jẹ́ irin tí wọ́n fi fóòmù nípọn wé, tí wọ́n sì tún fi ike dúdú bò. Síbẹ̀ ooru ń sá nínú rẹ̀. Ní Dẹ́ńmáàkì, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ló ń ṣòfò sínú ilẹ̀ kó tó dé ilé. Níbi tí ilé bá ti jìnnà síra, ó máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí ètò yìí fi bá ìlú tí ilé ti fara kanra mu, ilé ìwòsàn, iléèwé, ibi ìlúwẹ̀ẹ́ àti fúláàtì onípele púpọ̀. Abúlé tí ilé rẹ̀ tú ká kò yẹ fún un.

Kí n tó kúrò níbẹ̀, wọ́n fi ìwé ìpàdé ọdọọdún wọn hàn mí. Gbogbo onílé tó ń lo ooru ló lè wá, kó dìbò yan ìgbìmọ̀, kó sì béèrè ìdí tí owó fi lé tàbí tó fi já. Mo rántí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí bàbá mi wà nínú rẹ̀: akọ̀wé á ka owó síta, àgbà kan á dìde, á ní kí wọ́n tún ìlà kẹrin kà. Ní ìlú yìí pẹ̀lú, bí páìpù bá bẹ́, wọ́n mọ ilẹ̀kùn tí wọn yóò kàn.

Ní erékùṣù Ærø ní orílẹ̀-èdè kan náà, àwọn ará ìlú Marstal tún gbọ́n sí i. Láti 2012, pánẹ́ẹ̀lì oòrùn tó gbòòrò tó mítà onígun mẹ́rin 33,000 ló ń se omi wọn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n á tọ́jú èyí tó ṣẹ́kù sínú kòtò ńlá kan tí wọ́n bò lórí, igi wẹ́wẹ́ á sì wá ràn án lọ́wọ́ nígbà òtútù. Mo fẹ́ràn èyí púpọ̀. Igi ṣọ̀wọ́n, kò yẹ kí a máa sun ún nígbà tí oòrùn ń ràn.

Swídìn ni àpẹẹrẹ tí gbogbo ènìyàn ń tọ́ka sí, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ìlú Växjö wà láàárín igbó Småland. Ní 1980, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi igi rọ́pò epo ní ilé iṣẹ́ Sandvik tó ń pín ooru fún ìlú; àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é ní orílẹ̀-èdè náà. Ní 1996, káńsù wọn pinnu pé àwọn fẹ́ yẹra fún epo àti èédú pátápátá. Igi tí wọ́n ń sun kì í ṣe ìtì igi tó ṣeé là. Ìtì ń lọ sọ́dọ̀ àwọn alápákó. Ẹ̀ka, èèpo igi àti ìyẹ̀fun pákó tó ṣẹ́kù ni ilé iṣẹ́ ooru ń gbà. Ilé iṣẹ́ náà ń ṣe iná mànàmáná pẹ̀lú, ooru tí ìbá ṣòfò ni wọ́n ń rán lọ sínú ilé. Níbi púpọ̀ ní Swídìn, wọ́n tún máa ń kó eérú tó mọ́ padà sínú igbó kí ilẹ̀ má bàa ṣá. Owó orí káábọ́ọ̀nù dé ní 1991: ẹni tó bá sun epo tàbí èédú yóò san án, ẹni tó bá sun igi kò ní san. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé Växjö ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún mọ́kànlá ṣáájú òfin yẹn. Páìpù ti wà nílẹ̀. Ìlú tó bá ti ní páìpù lè pààrọ̀ iná rẹ̀ ní ibì kan ṣoṣo, láìwọ ilé ẹnikẹ́ni.

Ó yá, iyàn èéfín. Bí igi bá ń jó, káábọ́ọ̀nù tó ń jáde fún yúnìtì ooru kọ̀ọ̀kan kò dín sí ti èédú. Nígbà mìíràn ó jù ú lọ. Ohun tí àwọn alátìlẹyìn rẹ̀ ń sọ ni pé igi tí yóò hù rọ́pò rẹ̀ yóò fa káábọ́ọ̀nù yẹn padà mọ́ra. Yóò fà á lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà wo? Ẹ̀ka tí ìbá jẹrà nínú igbó láàárín ọdún díẹ̀, bí a bá sun ún lónìí, gbèsè ọdún díẹ̀ la jẹ. Igi tó lo 80 ọdún kó tó dàgbà, bí a bá gé e lulẹ̀ torí iná nìkan, àwọn ọmọ-ọmọ wa ni yóò san gbèsè yẹn. Ní oṣù kìíní 2018, nǹkan bí 800 onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kọ̀wé sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Yúróòpù pé ìyókù igi àti ìdọ̀tí igi nìkan ni kí wọ́n kà sí agbára tó mọ́, kí wọ́n má ka igi tí wọ́n gé nítorí àtifi dáná mọ́ ọn. Mo wà lẹ́yìn wọn. Mo tún fi èyí kún un: níbi tí wọ́n bá ti ń fi igi ṣe iná mànàmáná nìkan, èyí tó pọ̀ jù nínú ooru rẹ̀ ń bá afẹ́fẹ́ lọ, nígbà tó jẹ́ pé níbi tí páìpù ooru bá wà, ohun tí wọ́n ń rí lò lè dé ìdá 90 nínú 100. Ní Drax, ní Yorkshire, pẹ́lẹ́ẹ̀tì ń bọ̀ láti gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà tó wà lódì kejì òkun Àtìláńtíìkì, iná mànàmáná ni wọ́n sì ń fi í ṣe. Èmi kò lè pe ìyẹn àti ti Växjö ní orúkọ kan náà.

Dẹ́ńmáàkì fúnra rẹ̀ kò bọ́ nínú ìdẹwò yìí. Nítorí pé igi kò ní owó orí, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ní Copenhagen àti Aarhus fi èédú sílẹ̀, wọ́n bọ́ sórí pẹ́lẹ́ẹ̀tì. Igbó wọn kò tó o, wọ́n ń rà á láti òkè òkun. Nígbà tí Rọ́ṣíà gbógun wọ Ukraine ní 2022, tí Yúróòpù sì fòfin de igi láti Rọ́ṣíà àti Belarus, owó pẹ́lẹ́ẹ̀tì fò sókè. Ohun tí ojú wọn rí lórí epo ní 1973 tún fẹ́rẹ̀ẹ́ padà dé bá wọn lórí igi.

Lithuania gba ọ̀nà mìíràn, ìtàn wọn sì wú mi lórí. Ìlú wọn ti kún fún páìpù láti ayé Soviet, gáàsì Rọ́ṣíà ló sì ń mú ilé wọn móoru. Ní nǹkan bí 2013, owó gáàsì tí wọ́n ń san wà lára èyí tó ga jù ní gbogbo Yúróòpù. Ní 2000, nǹkan bí ìdá méjì péré nínú 100 ooru àjùmọ̀lò wọn ló ti ara igi wá. Láàárín ogún ọdún, ó ti kọjá ìdajì dáadáa. Wọ́n dá ọjà kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Baltpool, níbi tí ilé iṣẹ́ ooru ti gbọ́dọ̀ máa ra igi ní gbangba, kí gbogbo ènìyàn lè rí iye tí wọ́n rà á. Páìpù tí ìjọba kan fi sílẹ̀ ni òmìnira wọn gbà kọjá.

Àpẹẹrẹ kékeré kan wà ní Jühnde ní ilẹ̀ Jámánì. Àwọn ará Yunifásítì Göttingen lọ bá ọ̀pọ̀ abúlé sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó mú ọ̀kan, ìfẹ́ àwọn ará abúlé sì wà lára ohun tí wọ́n wò. Ní 2005, nǹkan bí ìdá 70 nínú 100 ilé ibẹ̀ ti wọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó ń fi ìgbẹ́ màlúù, irè oko àti igi wẹ́wẹ́ dá ooru.

Èyí tó burú jù ṣẹlẹ̀ ní Àríwá Ireland. Ní 2012, ìjọba ibẹ̀ gbé owó ìrànwọ́ kalẹ̀ fún ẹni tó bá fi bọ́ílà igi rọ́pò epo. Èrò náà dára. Ṣùgbọ́n owó tí wọ́n ń san lórí yúnìtì kọ̀ọ̀kan ju owó igi lọ, wọn kò sì fi òpin sí i. Bí ènìyàn ṣe ń sun igi sí i ni èrè rẹ̀ ń pọ̀ sí i, ì báà jẹ́ pé ẹnì kankan kò nílò ooru yẹn. Ọ̀rọ̀ náà di ìjà láàárín àwọn olóṣèlú, ìjọba wọn ní Stormont tú ká ní oṣù kìíní 2017, ọdún mẹ́ta gbáko ni wọn kò sì ní ìjọba. Nígbà tí ìwádìí Sir Patrick Coghlin jáde ní 2020, ó ní kì í ṣe ìwà ìbàjẹ́ ló fà á ní pàtàkì, àìmọ̀ọ́ṣe àti àìbójútó ni. Àwọn bọ́ílà yẹn kì í sábà jẹ́ àjùmọ̀lò. Bọ́ílà olóko àti oníṣòwò kọ̀ọ̀kan ni. Kò sí aládùúgbò lórí páìpù wọn tí yóò béèrè ìdí tí iná fi ń jó ní ọ̀sán oòrùn.

Mo mọ̀ pé ẹni tó ń ka èyí ní Ìbàdàn yóò sọ pé ọyẹ́ nìkan ni òtútù tòun. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ èéfín igi tó àwọn ìyá wa. Àjọ ìlera àgbáyé ṣírò pé ní 2020 nìkan, ènìyàn tó tó mílíọ̀nù 3.2 ni èéfín inú ilé ṣekú pa, iná ìdáná ló sì fa èyí tó pọ̀ jù. Igi kan náà tó ń mú ojú wọn ṣomi, nínú bọ́ílà ńlá tó gbóná dáadáa tó sì ní asẹ́ èéfín, eruku tó ń jáde lára rẹ̀ kéré gan-an. Ẹni tó bá sì gba orí afárá Third Mainland kọjá ní Èkó ti rí èéfín Oko Bàbá ní Ẹ̀bútè Mẹ́ta: fún ọ̀pọ̀ ọdún, òkè ìyẹ̀fun pákó ni àwọn alágẹdú ń sun dànù létí ọ̀sà. Irú ohun tó ń mú ilé móoru ní Växjö nìyẹn. Àwa kò nílò kí ilé móoru, ṣùgbọ́n pákó ń fẹ́ gbígbẹ, àgbàdo ń fẹ́ gbígbẹ, ẹ̀rọ sì wà tó ń fi omi gbígbóná ṣe òtútù fún ilé ńlá. Èèpo èkùrọ́, tí àwọn alágbẹ̀dẹ wa ti mọ iyì rẹ̀ tipẹ́, ń wọ ọkọ̀ òkun láti Nàìjíríà lọ sínú bọ́ílà Yúróòpù. Ó dùn mí pé àwọn tó ń rà á ló mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ jù wá lọ.

Ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù níbí, ilé iṣẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní SELCHP, tó ń sun ìdọ̀tí ìlú láti 1994. Ooru àti iná mànàmáná wà nínú orúkọ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀, nǹkan bí ogún ọdún ló fi ń ṣe iná mànàmáná nìkan, kó tó di pé wọ́n ri páìpù mọ́lẹ̀ lọ sí nǹkan bí 2,500 ilé ní Southwark, àdúgbò tí ọmọ Yorùbá pọ̀ sí. Iná ti ń jó ní gbogbo ọdún yẹn. Páìpù ni kò sí.

Nígbà tí owó gáàsì ga ní 2022, ìjọba fi òpin sí iye tí wọ́n lè gbà lọ́wọ́ ẹni tó ní bọ́ílà tirẹ̀, ṣùgbọ́n òpin yẹn kò kan àwa tó wà lórí páìpù àjùmọ̀lò. Àwọn kan nínú wa rí owó ooru wọn tó di ìlọ́po láàárín oṣù mélòó kan. Òfin agbára ti 2023 ló gbé ọ̀rọ̀ wa sábẹ́ Ofgem, àjọ tó ń bójú tó ọjà gáàsì àti iná mànàmáná, àṣẹ náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní 2026. Ó pẹ́, ṣùgbọ́n mo yọ̀.

Láìpẹ́ yìí, ìwé kan gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Wọ́n fẹ́ pààrọ̀ bọ́ílà gáàsì ilé wa, igi wẹ́wẹ́ sì wà lára ohun tí wọ́n ń gbèrò. Wọ́n ní kí ayálégbé sọ èrò tirẹ̀. Ojú ìwé mẹ́ta ló sọ̀rọ̀ bọ́ílà. Mo jókòó, mo kọ tèmi: igbó wo ni igi náà yóò ti wá, báwo ni ó ṣe jìnnà tó, ta ni yóò máa wọn omi inú rẹ̀, èló ni ooru tó ń sá nínú páìpù wa tó ti gbó yìí, ìgbà wo ni wọn yóò sì tún un ṣe. Nírọ̀lẹ́, màmá ará Ìjẹ̀bú mú ìwé tirẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ wá, ó ní ojú òun kò ríran dáadáa mọ́, kí n bá òun kọ ọ́. Mo bi í pé kí ni kí n kọ. Ó ní kí n kọ ohun tí òun bi mí lọ́jọ́sí lórí àtẹ̀gùn, kí n sì kọ ọ́ gàdàgbà.